Ẹsẹ̀ yín ń wú, ẹ yẹ oògùn yín wò ná

Àwọn tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru máa ń wá bá mi pé ẹsẹ̀ àwọn ń wú, wọ́n á ní bóyá ọjọ́ orí ni àbí ìdúró ló pọ̀ jù, tí mo bá wá ní kí wọ́n kó oògùn wọn jáde, amlodipine ló sábà máa ń wà ńbẹ̀.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ rèé. Amlodipine máa ń jẹ́ kí àwọn iṣan kéékèèké tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ bọ̀ láti ọkàn fẹ̀, ìyẹn ló ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, àmọ́ àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ padà sọ́kàn ò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á wá rọ́ síbi tí méjèèjì ti pàdé, omi inú ẹ̀ á máa jò sínú ẹran ara, ọrùn ẹsẹ̀ ló sì máa ń dúró sí, pàápàá tílẹ̀ bá ti ń ṣú. Àwọn tó ń lo 10 mg ló ń ṣe jù, ti 5 mg ò tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbọ́ èyí dáadáa: kì í ṣe pé omi pọ̀ jù lára, ó kàn kúrò níbi tó yẹ kó wà ni. Ìdí nìyẹn tí oògùn ìtọ̀ bíi furosemide kì í fi í ràn án tó báwọn èèyàn ṣe rò. Èèyàn á máa tọ̀ ṣáá, potassium, ìyẹn èròjà tí iṣan ara àti ọkàn nílò, á lọ sílẹ̀ lára ẹ̀, ẹsẹ̀ á máa fà á, òòyì á máa kọ́ ọ, wọ́n á tún wá oògùn fún ìyẹn náà, ẹsẹ̀ ṣì wú síbẹ̀. Ó máa ń dùn mí gan-an. Dókítà lè dín amlodipine yẹn kù, ó lè pààrọ̀ ẹ̀, ó sì lè fi losartan, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru míì, kún un torí ìyẹn máa ń bá iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ padà fẹ̀.

Ti oògùn ara ríro bí ibuprofen àti diclofenac yàtọ̀, àwọn yẹn ló ń jẹ́ kí kídìnrín di iyọ̀ mú, ibi tí iyọ̀ bá sì wà lomi ń dúró sí, ẹ̀jẹ̀ á tún lè máa ru sí i. Prednisolone, tí wọ́n ń lò fún àwọn àìsàn bí asthma, náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti ń lò ó fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ẹ má dá a dúró lójijì o. Pioglitazone táwọn onítọ̀ọ̀gbẹ ń lò àti pregabalin tí wọ́n ń lò fún ìrora iṣan ìmọ̀lára náà wà ńbẹ̀.

Tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló wú, tó gbóná, tó ń dùn yín, ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ló dì, ọsibítù lọ́jọ́ náà ni. Tí èémí ò bá délẹ̀ tẹ́ ẹ bá fẹ̀yìn lélẹ̀, ọsibítù náà ni. Ẹni tó ń lo lisinopril, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan, tí ètè tàbí ahọ́n ẹ̀ ń wú, kó sáré lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀, kódà tó bá ti ń lò ó láti ọdún mélòó kan.

Ẹ má dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró fúnra yín. Ẹ kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ oògùn kọ̀ọ̀kan àti ọjọ́ tẹ́sẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú sílẹ̀, títí kan oògùn ara ríro tẹ́ ẹ dá rà, kẹ́ ẹ mú un lọ fún dókítà.