Bí wọ́n ṣe ń kọ́ káńsílọ̀ níṣẹ́ lẹ́yìn tó bá wọlé ìbò

Kò sí ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń gba ìwé ẹ̀rí kí èèyàn tó di káńsílọ̀. Ẹni tó jẹ́ tíṣà, káfíńtà tàbí oníṣòwò títí di àná, tí ìbò bá ti gbé e wọlé, ó ti di aṣòfin ìjọba ìbílẹ̀ nìyẹn. Láàárín oṣù díẹ̀, wọ́n á gbé ìwé ètò ìṣúná tó ki bí bíríkì síwájú rẹ̀, wọ́n á ní kó nawọ́ sí i tàbí kó kọ̀ ọ́. Torí ọjọ́ yẹn ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ káńsílọ̀ ṣe wà.

Ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀, ìyẹn àpapọ̀ àwọn káńsílọ̀, ló máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kété lẹ́yìn ìbúra. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó ìpàdé ìgbìmọ̀ ló sábà máa ń ṣètò rẹ̀. Agbẹjọ́rò ìgbìmọ̀ á wá sọ̀rọ̀ nípa òfin, olórí ẹ̀ka ìnáwó á sọ̀rọ̀ nípa owó, káńsílọ̀ tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ á sì sọ ohun tí kò sí nínú ìwé. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń kì í nílọ̀ lé lórí ni ọ̀rọ̀ àǹfààní ara ẹni: bí ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ bá kan ilẹ̀ rẹ tàbí òwò ìyàwó rẹ, sọ ọ́ síta, kí o sì yẹra fún ìdìbò náà. Ní England, òfin ọdún 2011 sọ pé kí ìgbìmọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìlànà ìwà fún àwọn ọmọ rẹ̀, kí ìlànà náà sì bá àwọn òpó méje ìwà òṣèlú mu, irú bíi òtítọ́ àti àìṣojúsàájú, èyí tí ìgbìmọ̀ tí adájọ́ Lord Nolan darí gbé kalẹ̀ lọ́dún 1995.

Ṣé dandan ni kí káńsílọ̀ lọ? Ó dọwọ́ ibi tó wà. Ní ìpínlẹ̀ Victoria ní Australia, òfin ìjọba ìbílẹ̀ ọdún 2020 kò fi ṣeré rárá: káńsílọ̀ tí kò bá parí ẹ̀kọ́ ìbẹ̀rẹ̀ láàárín àsìkò tí òfin dá, wọ́n á dá owó àjẹmọ́nú rẹ̀ dúró títí yóò fi parí rẹ̀. Wales gba ọ̀nà mìíràn. Ìgbìmọ̀ gan-an ni òfin ọdún 2011 tiwọn di ẹrù lé lórí, pé kó pèsè ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó mọ́gbọ́n dání, kó sì fún káńsílọ̀ láyè lọ́dọọdún láti jókòó pẹ̀lú ẹni tó mọ̀ nípa iṣẹ́ náà, kí wọ́n jọ yẹ ohun tó kù tó yẹ kó kọ́ wò. Ti Victoria ń mú kí àga kíláàsì kún. Ti Wales ni mo rò pé ó bá iṣẹ́ náà mu jù, torí ohun tó ń da ẹni tó wà ní ìgbìmọ̀ ètò ilé kíkọ́ láàmú kọ́ ló ń da ẹni tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àgbàlagbà láàmú.

Ẹ̀kọ́ tó le jù ni ààlà tó wà láàárín káńsílọ̀ àti òṣìṣẹ́. Káńsílọ̀ ló ń sọ ohun tí wọ́n máa ṣe àti iye tí wọ́n máa ná, òṣìṣẹ́ ló sì ń ṣe é. Káńsílọ̀ kan ṣoṣo kò láṣẹ láti pe awakọ̀ tó ń kó ìdọ̀tí pé kó kọ́kọ́ gba àdúgbò òun kọjá. Ẹni tó ti fi gbogbo ìgbà ìpolongo sọ pé “màá ṣe é” á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ̀ pé ìbò ìgbìmọ̀ ló ń ṣe é, pé ọwọ́ kan péré ni tòun nínú rẹ̀.

Àlàyé ẹnu kì í fi bẹ́ẹ̀ wọlé níbi yìí, ìdí nìyẹn tí àwọn olùkọ́ tó mọṣẹ́ fi máa ń ṣe é bí eré. Olùkọ́ á ṣe bí ará àdúgbò tó pe káńsílọ̀ lórí fóònù: “Ẹ̀yin la dìbò fún. Ẹ ṣèlérí fún mi pé ẹ ò ní jẹ́ kí wọ́n kọ́ ilé yẹn.” Ẹni tuntun á ti dáhùn: “Ẹ fọkàn balẹ̀, mo ṣèlérí.” Olùkọ́ á dá eré dúró níbẹ̀. Ẹni tó ti pinnu kó tó gbọ́ tẹnu apá kejì lè mú kí ilé ẹjọ́ fagi lé ìpinnu gbogbo ìgbìmọ̀. Wọ́n á tún un ṣe títí èsì mìíràn á fi mọ́ ọn lẹ́nu: “Mo gbọ́ yín. Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ kí gbèdéke tó pé, kí gbogbo wa lè kà á. Màá gbọ́ tẹnu wọn náà kí n tó dìbò.”

Ti owó náà, ìwé gan-an ni wọ́n fi ń kọ́ni. Ká ní ìlà kan wà fún gbígbẹ́ gọ́tà: lọ́dún tó kọjá, ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí 100, wọ́n ná 60, lọ́dún yìí wọ́n ń béèrè 120. Ojú ẹni tí kò tíì kọ́ṣẹ́ á lọ sí 120, á ní ó ti pọ̀ jù. Ẹni tó ti kọ́ṣẹ́ á béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí 40 tí wọn ò ná. Ṣé agbaṣẹ́ṣe ni kò rí, àbí òṣìṣẹ́ ni kò tó, àbí gọ́tà tí wọn ò gbẹ́ wà níbì kan?

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé wọ́n máa ń kó gbogbo ẹ̀kọ́ yìí sínú ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, nígbà tí káńsílọ̀ ò tíì mọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nínú ọgbà ìjọba ìbílẹ̀. Ó dára kí ẹ̀kọ́ ìṣúná bọ́ sí oṣù tó ṣáájú ìdìbò ìṣúná, kí ẹ̀kọ́ nípa dídarí ìpàdé sì dúró de ẹni tí wọ́n bá yàn ṣe alága. Káńsílọ̀ tó tún wọlé lẹ́ẹ̀kejì ni ìṣòro mìíràn. Á ní òun ti mọ̀ ọ́n, bẹ́ẹ̀ òfin ti yí padà láti ìgbà tó ti kọ́ ọ. Àwọn ibì kan ń bọ̀wọ̀ fún un nípa fífi ẹni tuntun sábẹ́ rẹ̀, kó máa tọ́ ọ sọ́nà, òun náà á sì lọ ka ìwé kí ọmọ iṣẹ́ má baà dójú tì í.

Ìwé tí wọ́n ń buwọ́ lù lẹ́nu ọ̀nà kì í sọ bóyá ẹ̀kọ́ wọlé. Ohun tó ń sọ ọ́ ni àkọsílẹ̀ ìpàdé ní oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà: ta ló béèrè ìbéèrè nípa 40 yẹn, ta ló sì kàn nawọ́ sókè.