Bí ọ̀rọ̀ ṣe kan iṣan nínú ẹjọ́ èjìká tó ń yẹ̀

Láyé Hippocrates, oníṣègùn àtijọ́ nílẹ̀ Gíríìkì, èjìká tó bá yẹ̀ lónìí tó tún yẹ̀ lọ́la, irin gbígbóná ni wọ́n fi ń bá a wí. Wọ́n á fa awọ abíyá, wọ́n á ti irin tó pọ́n yòò bọ̀ ọ́, kí egbò náà lè jinná, kí àpá rẹ̀ sì dí ọ̀nà tí orí eegun apá ń gbà jáde. Hippocrates ráhùn pé òkè èjìká tàbí ẹ̀yìn rẹ̀ ni àwọn oníṣègùn mìíràn ń jó, ìyẹn sì ń ti eegun lọ síbi tí wọn ò fẹ́ kó lọ gan-an.

Ihò tí orí eegun apá jókòó sí kò jìn, àfi bí ìgbà téèyàn gbé ọsàn lé ọmọrí. Iṣan ló ń dì í mú. Síbẹ̀ ó pẹ́ kí wọ́n tó bi iṣan léèrè ọ̀rọ̀. Lọ́dún 1923, Bankart, oníṣẹ́ abẹ ará Gẹ̀ẹ́sì, sọ pé etí ihò náà ló ń ya níwájú, ó sì ń rán an padà. Rírán wá gbòde.

Ní 1944, ní California, àwọn olùwádìí mẹ́ta, Inman, Saunders àti Abbott, ka iná mànàmáná inú iṣan èjìká bí apá ṣe ń lọ sókè, kí wọ́n lè mọ èyí tó ń ṣiṣẹ́ àti ìgbà tó ń ṣe é.

Àwọn kan sì wà tí wọn ò ṣubú rí. Wọ́n kàn gbé apá ni, èjìká á yẹ̀. (Àwọn ọmọ iléèwé kan tilẹ̀ ń fi dá ọ̀rẹ́ wọn lára yá!) Ní 1992, àwọn oníṣẹ́ abẹ ará Amẹ́ríkà, Burkhead àti Rockwood, fi eré ìmárale nìkan tọ́jú irú wọn àtàwọn tó fara pa: ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún èjìká tí kò fara pa rí ló gbádùn dáadáa, ìdá 16 péré nínú àwọn tó fara pa.

Ibẹ̀ ni Bayley, oníṣẹ́ abẹ, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn kan ní Stanmore, létí Lọ́ńdọ̀nù, ti gba ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ya igun mẹ́ta, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2004: igun kan fún èjìká tó fara pa, èkejì fún èyí tó dẹ̀ láìfarapa, ẹ̀kẹta fún èyí tí iṣan fúnra rẹ̀ ń fà yẹ̀. Wáyà tín-ín-rín tí wọ́n kì bọ iṣan láti ka iná mànàmáná rẹ̀ ló tú àṣírí: iṣan ńlá tó ti ẹ̀yìn wá so mọ́ apá ń fà nígbà tó yẹ kó sinmi.

Ẹni igun kẹta, wọn kì í sáré gbé ọ̀bẹ sí i. Wọ́n á mú un dúró níwájú dígí, olùtọ́jú á fi ìka tẹ iṣan náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀yìn: “Ẹ tún un gbé. Jẹ́jẹ́. Ẹ jẹ́ kí eléyìí dẹ̀.”