Ìfàsẹ́yìn Ẹgbẹ́ Ọmọ Ogun Pupa nínú Ogun Ìgbà Òtútù (1939–1940)

Ogun Ìgbà Òtútù ni ogun tí Sófíẹ́tì gbé ko Fínlándì láti ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 1939 títí di ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 1940. Sófíẹ́tì ló borí níkẹyìn, ṣùgbọ́n ohun tí ojú Ẹgbẹ́ Ọmọ Ogun Pupa, ìyẹn ọmọ ogun Sófíẹ́tì, rí ní oṣù méjì àkọ́kọ́ ló sọ ogun náà di ìlúmọ̀ọ́ká. Èrò àwọn aláṣẹ Moscow ni pé ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ló máa gbà, nítorí àwọn ará Fínlándì kò pé mílíọ̀nù mẹ́rin.

Níwájú odi Mannerheim, ìlà ààbò Fínlándì ní Karelia, táńkì Sófíẹ́tì a máa lọ síwájú, àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ a sì há sẹ́yìn lábẹ́ ọta ìbọn. Táńkì tó bá ti dá wà, ìgò epo bẹntiróòlù tí wọ́n ti ṣáná sí ni wọ́n fi ń sun ún.

Suomussalmi ni ọ̀rọ̀ ti burú jù. Dífíṣọ̀n 163 ti Sófíẹ́tì gba abúlé yìí ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá, ni àwọn ọmọ ogun Hjalmar Siilasvuo, ọ̀gá ogun Fínlándì, bá ká wọn mọ́ ibẹ̀. Dífíṣọ̀n 44, tó ti Ukraine wá, ni wọ́n ní kó lọ gbà wọ́n. Òun náà tò gbọọrọ sójú ọ̀nà Raate, ọ̀nà tóóró kan ṣoṣo láàárín igbó, níbi tí táńkì kò ti lè yà sọ́tùn-ún tàbí sósì. Àwọn ará Fínlándì wọ aṣọ funfun, wọ́n so pákó tí wọ́n fi ń yọ̀ lórí yìnyín mọ́ ẹsẹ̀, wọ́n gé ìlà náà sí wẹ́wẹ́, wọ́n sì dójú sọ àwọn ibi ìdáná. Nínú òtútù tó ń já sí ìwọ̀n 40 nísàlẹ̀ òdo, ebi àti òtútù pa ọ̀pọ̀ tí ìbọn kò bà. Sófíẹ́tì fúnra rẹ̀ ló yìnbọn pa Vinogradov, ọ̀gá Dífíṣọ̀n 44, nítorí ìjákulẹ̀ náà, lójú àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ní oṣù Kìíní. Ẹ̀bi náà kọjá tirẹ̀ nìkan. Láàárín ọdún 1937 sí 1938, Stalin, olórí Sófíẹ́tì, ti pa ọ̀pọ̀ ọ̀gágun tó mọṣẹ́, Tukhachevsky wà lára wọn. Àwọn tó rọ́pò wọn kò lè pàṣẹ láìsí ìfọwọ́sí kọ́mísà òṣèlú, ìyẹn aṣojú ẹgbẹ́ òṣèlú Kọ́múníìsì láàárín ọmọ ogun.

Nígbà tí Sófíẹ́tì fi ọ̀gágun Timoshenko ṣe olórí ogun náà ní oṣù Kìíní ọdún 1940, ó dá ìkọlù ńlá dúró ná. Wọ́n kọ́ táńkì, àgbá àti ẹlẹ́sẹ̀ láti máa jà pọ̀, wọ́n wá fọ́ odi náà ní Summa ní ọjọ́ 11 oṣù Kejì. Nǹkan bí 127,000 ọmọ ogun Sófíẹ́tì ló kú tàbí tó sọnù. Ti Fínlándì jẹ́ nǹkan bí 25,000.

Ní oṣù Kẹrin, Stalin pe àwọn ọ̀gágun jọ, ó sì bẹnu àtẹ́ lu bí wọ́n ṣe rọ̀ mọ́ àṣà ogun abẹ́lé Rọ́ṣíà àtijọ́. Timoshenko gba ipò mínísítà ààbò lọ́wọ́ Voroshilov ní oṣù Karùn-ún. Ní oṣù Kẹjọ, wọ́n gba àṣẹ ogun lọ́wọ́ àwọn kọ́mísà. Ìbọn kékeré arọ̀jò-ọta, tí wọ́n ti pa tì tẹ́lẹ̀, padà wá: PPSh-41 wọlé ní òpin ọdún náà. Fìlà onírun tó ń bo etí rọ́pò èyí tí wọ́n ń dé látijọ́.

Àtúnṣe náà kò tíì parí nígbà tí Jámánì kọlù wọ́n ní oṣù Kẹfà ọdún 1941. Ní oṣù Keje, wọ́n dá agbára àwọn kọ́mísà padà, wọn kò sì tún gbà á títí di ọdún 1942. Ẹ̀kọ́ nípa òtútù ló tètè so èso: nítòsí Moscow ní oṣù Kejìlá ọdún 1941, àwọn ọmọ ogun Jámánì ni kò ní aṣọ òtútù tó tó.