Ẹ́ńjìn V8 àtijọ́ tó ń gbóná jù: ìbéèrè àti ìdáhùn

Bí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú ní Amẹ́ríkà, tí àwọn tó ni ọkọ̀ alágbára àtijọ́ bá gbé wọn jáde, kì í pẹ́ tí a ó fi rí èyí tó dúró sẹ́bàá títì, tí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣí sílẹ̀, tí èéfín omi gbígbóná ń tú jáde. Ìmọ̀ràn tó gbòde báyìí ni pé kí wọ́n yọ thermostat dànù, ìyẹn ohun kékeré tó ń ṣí, tó sì ń pa ọ̀nà tí omi ẹ́ńjìn ń gbà lọ sí rédíétọ̀. Àwọn tó yọ ọ́ ń ráhùn pé ọkọ̀ ṣì ń gbóná.

Ọkọ̀ wo gan-an là ń sọ?

Àwọn ọkọ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n ki ẹ́ńjìn V8 ńlá (onísìlíńdà mẹ́jọ) bọ̀, láti Pontiac GTO ti 1964 títí wọ ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, irú bíi Dodge Charger àti Chevelle SS.

Ṣé kí n yọ thermostat?

Rárá. Thermostat kọ́ ló ń mú ẹ́ńjìn tutù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ooru ẹ́ńjìn má lọ sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Èyí tí wọ́n kọ 180°F (82°C) sí lára máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ní ìwọ̀n yẹn, tó bá sì ti ṣí tán, ọwọ́ rédíétọ̀ àti fáànù ni ìyókù wà. Bí ẹ bá fi ti 160°F rọ́pò rẹ̀, ẹ́ńjìn á kàn pẹ́ díẹ̀ sí i kó tó gbóná ni. Bí ẹ bá yọ ọ́ pátápátá, ọ́ìlì lè má gbóná tó láti lé omi tó bá wọ inú rẹ̀ jáde, ara ẹ́ńjìn á sì máa yára jẹ.

Bí ẹ bá fura pé ó ti há, ẹ fi okùn so ó kọ́ sínú ìkòkò omi pẹ̀lú ohun tí a fi ń wọn ooru, kí ẹ gbé e kaná. Bí omi bá hó tí kò ṣí, ẹ ra tuntun.

Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀, nígbà náà?

Ẹ kọ́kọ́ wádìí ìgbà tó ń gbóná. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má náwó sí nǹkan kan kí ẹ tó mọ èyí.

Bó bá jẹ́ inú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ló ti ń gbóná, tó sì ń tutù tó bá ti gba ọ̀nà márosẹ̀, atẹ́gùn ni kò tó. Ẹ wo fáànù. Ṣé ike tó yí i po, tí wọ́n ń pè ní shroud, ṣì wà níbẹ̀? Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n tú tún tò ni wọn kò dá a padà sí. Láìsí i, ibi tí fáànù kọjú sí nìkan ni atẹ́gùn á máa gbà dáadáa, etí rédíétọ̀ kò ní rí nǹkan kan. Ó yẹ kí abẹ fáànù wọ inú shroud ní ìdajì. Bí fáànù bá jẹ́ oníkílọ́ọ̀ṣì (èyí tó ń di fáànù mú kó yára yí nígbà tí ooru bá pọ̀), ẹ pa ẹ́ńjìn nígbà tó bá gbóná dáadáa, kí ẹ wá fi ọwọ́ yí i. Ó yẹ kó le díẹ̀. Bó bá ń yí fàlàlà, kílọ́ọ̀ṣì ti kú.

Bó bá jẹ́ orí eré ló ti ń gbóná, omi ni kò rìn dáadáa. Rédíétọ̀ lè ti dí, bẹ́lìtì lè máa yọ̀. Ẹ má gbàgbé họ́ọ̀sì ìsàlẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni pọ́ọ̀ǹpù ń gbà fa omi. Bí sípíríǹgì inú rẹ̀ bá ti jẹ dànù, ó máa ń pẹlẹbẹ nígbà tí ẹ́ńjìn bá ń sáré, á sì tún wú padà tí ẹ bá pa á. Ẹ yọ ọkọ̀ kúrò nínú gíà, kí ẹnì kan tẹná fún yín, kí ẹ máa wò ó. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ yín jìnnà sí fáànù.

Mo ti ra rédíétọ̀ tuntun, kò yí padà. Kí ló dé?

Ẹ yẹ timing wò, ìyẹn àsìkò tí iná pílọ́ọ̀gì ń tàn. Bí iná pílọ́ọ̀gì bá ń pẹ́ kó tó tàn, epo á ṣì máa jó nígbà tí èéfín bá ń jáde. Iná yẹn á gba ihò èéfín inú orí ẹ́ńjìn kọjá, omi tó yí ibẹ̀ ká ló sì máa gbé ooru náà rù.

Nígbà tí òfin èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í le ní Amẹ́ríkà ní ìparí àwọn ọdún 1960, àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ dá iná pílọ́ọ̀gì dúró díẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá wà lójú kan. Wọ́n mọ̀ pé èyí á mú un gbóná, wọ́n sì fi ṣíìṣì (switch) kékeré kan síbi omi ẹ́ńjìn nínú àwọn kan. Bí omi bá gbóná jù, ṣíìṣì náà á jẹ́ kí iná tètè tàn, ẹ́ńjìn á sáré díẹ̀ sí i, fáànù àti pọ́ọ̀ǹpù náà á sì yára. Lónìí, ṣíìṣì yẹn ti sọnù lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, tàbí kí wọ́n ti pa rọ́bà rẹ̀ pọ̀ mọ́ ibòmíràn.

Epo náà tún wà níbẹ̀. Èyí tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà báyìí sábà máa ń ní ethanol (ọtí tí wọ́n ń pò mọ́ epo) títí dé ìdá 10 nínú 100. Kábúrétọ̀ tí wọ́n tò fún epo àtijọ́ lè máa fún ẹ́ńjìn ní epo tí kò tó, èyí sì lè mú un gbóná sí i.

Ṣé omi lásán ò tó?

Omi ń gbé ooru ju coolant (oògùn olómi tí a ń pò mọ́ omi rédíétọ̀) lọ, àmọ́ á dípẹtà sínú ẹ́ńjìn, á sì dì nígbà òtútù. Ìdajì coolant, ìdajì omi tí a sè, tí a gba ooru rẹ̀ tó tún di omi (distilled water), ni kí ẹ lò. Àdàpọ̀ yìí máa ń hó ní nǹkan bí 106°C; tí ìdérí rédíétọ̀ bá jẹ́ ti 15 psi (ìwọ̀n agbára tó lè dì mọ́ inú), tó sì dé dáadáa, ó di nǹkan bí 129°C. Nítorí náà, ìdérí tí rọ́bà rẹ̀ ti gbẹ nìkan tó láti mú ọkọ̀ hó.

Ṣé géèjì tó ń fi ooru ẹ́ńjìn hàn lè purọ́?

Bẹ́ẹ̀ ni, pàápàá géèjì tó ti lé ní àádọ́ta ọdún.

Bó bá gbóná lójú ọ̀nà ńkọ́?

Ẹ tan hítà sókè pátápátá, nítorí rédíétọ̀ kékeré lòun náà. Bí kò bá sọ̀ kalẹ̀, ẹ yà sẹ́bàá títì kí ẹ pa ẹ́ńjìn. Bí géèjì bá tún gòkè díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ pa á, ẹ má jáyà: omi ò rìn mọ́, ooru ara irin ló ń bọ́ sínú rẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kan ìdérí rédíétọ̀ títí tí họ́ọ̀sì òkè á fi tutù tí á sì rọ̀. Omi tó há sábẹ́ agbára yẹn lè bó ojú èèyàn.

Kí ló yẹ kí n bẹ̀rù jù?

Kí gáskẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìn (èyí tó dí àárín orí ẹ́ńjìn àti ara rẹ̀) jó, tàbí kí ẹ́ńjìn fúnra rẹ̀ sán. Bí ọ́ìlì bá funfun bíi mílíìkì, tí omi rédíétọ̀ ń yọ ìfófòó láìdáwọ́ dúró, tí èéfín funfun tó dùn ní òórùn ń jáde lẹ́yìn, ẹ má tún wà á mọ́. Fún ọkọ̀ tó ṣì ní ẹ́ńjìn tí wọ́n fi bí i, àdánù ńlá ni, nítorí ẹ́ńjìn yẹn wà lára ohun tó fún un ní iye lórí.

Coolant tó bá dà sílẹ̀, ẹ nù ún lójú ẹsẹ̀. Ó dùn lẹ́nu, májèlé sì ni. Díẹ̀ nínú rẹ̀ lè pa ajá, ó sì léwu fún ọmọdé.