Ẹ Bi Nọ́ńbà Léèrè Kí Ẹ Tó Lò Ó

Àjọ NBS, tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà, sọ pé nínú oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn ọdún 2020, ìdá 33.3 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ tàbí tó ń wáṣẹ́ ni kò ríṣẹ́ ṣe. Fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ọdún 2023, àjọ kan náà gbé 4.1 jáde. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá to nọ́ńbà méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tó wá kọ ọ́ sábẹ́ wọn pé iṣẹ́ ti pọ̀ nílùú, irọ́ ló pa, bí kò tilẹ̀ sí ayédèrú nínú méjèèjì.

Ohun tó yí padà ni ẹni tí wọ́n ń pè ní aláìríṣẹ́. Ní 2020, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò bá tó 20 wákàtí lọ́sẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn aláìríṣẹ́ ni wọ́n kà á sí. Nígbà tó yá, NBS gba ìlànà ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́: ẹni tó bá ti fi wákàtí kan péré ṣiṣẹ́ owó láàárín ọ̀sẹ̀ ti di oníṣẹ́. Ọjọ́ orí náà yí padà. 15 sí 64 ni wọ́n ń kà tẹ́lẹ̀, ó wá di 15 sókè. Ẹ wo ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ru búlọ́ọ̀kù níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé, tí kò rí ju wákàtí mẹ́wàá ṣe lọ́sẹ̀. Aláìríṣẹ́ ni lábẹ́ ìlànà àkọ́kọ́, oníṣẹ́ ni lábẹ́ ìkejì, ebi tó ń pa á kò sì dín.

Irú dátà báyìí, tí ẹlòmíràn ti kó jọ fún ìdí tirẹ̀ kí àwa tó dé, ni ọ̀pọ̀ ìwádìí nípa àwùjọ dúró lé: ìkànìyàn, ìwé ilé ẹjọ́, rẹ́jísítà ilé ìwé, àwọn ìwé ìjọba amúnisìn tó wà ní National Archives n'Íbàdàn. Èmi kò ní kí ẹnikẹ́ni sá fún un. NDHS ti ọdún 2018, ìwádìí lórí ìlera àti ọmọ bíbí, bá obìnrin tó lé ní 41,000 sọ̀rọ̀ káàkiri Nàìjíríà. Akẹ́kọ̀ọ́ wo ló máa rówó ọkọ̀ ìyẹn?

Ṣùgbọ́n ẹ wo NDHS kan náà. Ní 1990, ó ní ọmọ 6.0 ni obìnrin kan máa bí láyé rẹ̀. Ní 1999, ó di 5.2. Ní 2003, ó di 5.7. Ẹni tó bá kàn da nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ lè fi odindi orí kan ṣàlàyé ìdí tí àwọn obìnrin fi tún bẹ̀rẹ̀ sí í bímọ sí i, nígbà tí ohun tó ń ṣàlàyé kò ṣẹlẹ̀ rárá. Ìròyìn ti 2003 fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé wọ́n fo ọ̀pọ̀ ọmọ ní 1999. Nínú irú ìwádìí yìí, ìbéèrè rẹpẹtẹ ló ń tẹ̀lé ọmọ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bí láìpẹ́. Olùbéèrè tó ti rẹ̀ lè ti ọjọ́ ìbí ọmọ sẹ́yìn kó lè bọ́ níbẹ̀. Orí tó sọ bí wọ́n ṣe ṣe ìwádìí, àti àfikún tó yẹ dátà wò lẹ́yìn ìwé, ni kí ẹ kọ́kọ́ kà. Ó ń dùn mí pé ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ń fò.

Ẹ tún béèrè ẹni tó máa jèrè nọ́ńbà náà. Owó tí ìjọba àpapọ̀ ń pín fún ìpínlẹ̀ rọ̀ mọ́ iye èèyàn. Ní 2006, ìkànìyàn ìjọba àpapọ̀ fún Èkó ní mílíọ̀nù 9 àti díẹ̀. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ní òun ka èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 17. Tí ẹ bá fẹ́ ṣírò iye dókítà tó wà fún 100,000 èèyàn l'Ékòó lọ́dún yẹn, èyí tí ẹ bá mú lè fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ìdáhùn yín di ìlọ́po méjì. Ẹ fi méjèèjì ṣe é, kí ẹ sì kọ ìdáhùn méjèèjì síwèé.

Ní ti àìríṣẹ́ṣe, ọ̀nà wà. Ìròyìn NBS ti 2020 ya àwọn tí kò ṣe nǹkan kan rárá sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tó ṣiṣẹ́ wákàtí 1 sí 19. Ẹ kó àwọn ìkejì yìí bọ́ sọ́dọ̀ àwọn oníṣẹ́, kí ẹ tún ìdá náà ṣírò, kí ẹ tó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti 2023. Wọn ò ní bára mu tán, torí ọjọ́ orí tí wọ́n kà yàtọ̀. Ẹ kọ ìyẹn náà sábẹ́ tábìlì, níbi tí òǹkàwé ti máa rí i.