Àlẹ̀mọ́ eyín: ohun tí búrọ́ọ̀ṣì ń wá lẹ́nu ọmọ

Ó ti sú mi láti máa ka "pláákì" nínú ìwé ìlera tí wọ́n kọ fún òbí. Ẹni tó kọ ọ́ mú ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn oníṣègùn eyín, ó fi àmì ohùn lé e lórí, ó sì gbà pé iṣẹ́ ti parí. Ìyá tó ka pláákì kò rí nǹkan kan fojú inú wò. Kò sì mọ ohun tí yóò wí fún ọmọ ọdún 3 tó ń di ẹnu pinpin nígbà tó bá rí búrọ́ọ̀ṣì. Àlẹ̀mọ́ eyín ni èmi ń pè é: ohun tó ń yọ̀ tó máa ń lẹ̀ mọ́ ara eyín.

Àwọn kan ní "ìdọ̀tí eyín" ti tó. Kò tó, ó tilẹ̀ ń ṣi òbí lọ́nà. Bí a bá ti gbọ́ ìdọ̀tí, oúnjẹ tó há sáàárín eyín ló máa ń wá síni lọ́kàn, ẹni tó bá sì rò bẹ́ẹ̀ á fi omi ṣan ẹnu ọmọ rẹ̀, á ní ó ti mọ́. "Kòkòrò eyín" ni mo kà sí èyí tó burú jù. Ó ń dẹ́rù ba ọmọ, ó sì ń jẹ́ kí àgbà máa wá oògùn tí yóò fi pa ohun kan tó rò pé ó wọlé láti ìta. Ẹnu gbogbo ènìyàn ni bakitéríà, àwọn ohun abẹ̀mí tín-ín-tìn-ìn-tín tí ojú lásán kò lè rí, ń gbé, a kò sì lè lé gbogbo wọn jáde. Ohun tí a lè ṣe ni pé kí a má jẹ́ kí wọ́n rí ibi jókòó pẹ́ sí.

Wọ́n ti bi mí rí pé ṣé kì í ṣe ohun tí à ń lẹ̀ mọ́ ojú egbò tàbí mọ́ ara ògiri là ń pè ní àlẹ̀mọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ ni, ohun tó sì jẹ́ kí ó bá a mu gan-an nìyẹn. Lílẹ̀ tó ń lẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Bí kò bá lẹ̀ ni, omi ìbá ti gbé e lọ, a kì bá tí wá búrọ́ọ̀ṣì rárá.

Ẹ wo garawa tí omi ti wà nínú rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ara rẹ̀ á máa yọ̀. Ẹ da omi náà nù, ẹ bu òmíràn sí i, ẹ mì í: ohun tó ń yọ̀ náà wà níbẹ̀. Àfi kí ẹ fi kànìnkànìn gbo ó. Bí àlẹ̀mọ́ ṣe rí lára eyín nìyẹn. Bakitéríà ló kóra jọ, tí wọ́n fi ohun tó ń fà bo ara wọn. Láàárín wákàtí mélòó kan lẹ́yìn tí a fọ ẹnu, wọ́n ti tún bẹ̀rẹ̀. Tí ṣúgà bá dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n á sọ ọ́ di ásíìdì, ohun kíkan tó ń jẹ eyín. Bí pH ibẹ̀ (òǹkà tó ń wálẹ̀ bí nǹkan bá ṣe ń kan sí i) bá ti wálẹ̀ tó nǹkan bí 5.5, ara eyín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ díẹ̀díẹ̀. Itọ́ ló ń tún un ṣe, ṣùgbọ́n ó lè gbà á tó ìdajì wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí dídùn tí ọmọ ń lá káàkiri ọjọ́ fi burú ju èyí tó jẹ lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú oúnjẹ. Itọ́ sì máa ń dínkù lójú oorun, nítorí náà fífọ ti alẹ́ ni kò gbọ́dọ̀ yẹ̀.

Àwọn kan á fẹ́ kí n ya àlẹ̀mọ́ tó ṣì rọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó ti gan bí òkúta. Ti oníṣègùn nìyẹn. Ti òbí ni kí ó mú un nígbà tó ṣì rọ̀.

Ẹ sọ fún ọmọ pé kí ó fi ahọ́n ra eyín rẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ó tún ṣe é lẹ́yìn tí ẹ bá parí. Yóò mọ ìyàtọ̀ fúnra rẹ̀, ìyẹn sì lágbára ju ìbínú lọ. Ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ọwọ́ ọmọ kì í sábà mọ iṣẹ́ yìí dáadáa kó tó pé nǹkan bí ọdún 7. Ẹ dúró sẹ́yìn rẹ̀, kí orí rẹ̀ fara ti ikùn yín, ẹ fi ìka gbé ètè òkè sókè. Ibi tí eyín ti yọ lára ẹran èrìgì ni àlẹ̀mọ́ fẹ́ràn jù: kí irun búrọ́ọ̀ṣì kan eyín, kí ó kan ẹran, kí ẹ máa rọra yí i. Bí ẹ bá rí ìlà funfun tí kò dán níbẹ̀, ẹ gbé ọmọ lọ bá oníṣègùn eyín. Ihò kò tíì dé, ó ṣeé dá dúró.

Láti ìgbà tí eyín àkọ́kọ́ bá ti yọ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ìṣẹ́jú 2, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Ọṣẹ ìfọyín tó ní fúlóráìdì, èròjà tó ń mú ara eyín le, ìwọ̀n hóró ìrẹsì kan títí ọmọ á fi pé ọdún 3, lẹ́yìn náà ìwọ̀n hóró ẹ̀wà kékeré. Kí ó tu ìfófòó dànù, kí ó má fi omi ṣan ẹnu, kí fúlóráìdì lè dúró lára eyín.

Nígbà tí ọmọ bá tó nǹkan bí ọdún 6, eyín ńlá kan máa ń yọ lẹ́yìn gbogbo eyín rẹ̀, láìsí pé èyíkéyìí jábọ́ ṣáájú. Ọ̀pọ̀ òbí kì í mọ̀ pé ó ti dé. Kì í sì tíì ga tó àwọn tó kù, nítorí náà búrọ́ọ̀ṣì tí a fà tààrà á kọjá lórí rẹ̀ láìkàn án. Láti ẹ̀gbẹ́ ni kí ẹ ti ti búrọ́ọ̀ṣì wọlé, kí ó dábùú, títí yóò fi dé orí rẹ̀.