Kí ló ń jẹ́ ìbọn ìléwọ́ semi-automatic, kí sì ni wọ́n ń yí padà lára rẹ̀?

Bí ọlọ́pàá bá kó àwọn adigunjalè jáde fún àwọn oníròyìn ní Ẹlẹ́yẹlé, wọn a to ohun tí wọ́n bá lọ́wọ́ wọn sílẹ̀: ṣakabùlà, àdá, fóònù, nígbà míì ìbọn ìléwọ́ kan tí wọ́n á ní semi-automatic ni. Tí ìròyìn náà bá dé orí rédíò, ọ̀pọ̀ wa ní Ìbàdàn máa ń rò pé irú ìbọn bẹ́ẹ̀ á kàn máa rọ̀jò ọta ni tí ìka bá ti kàn án. Kò rí bẹ́ẹ̀. Automatic ló ń rọ̀jò ọta. Ó yẹ ká mọ ìyàtọ̀ yìí dáadáa, pàápàá nísinsìnyí tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń wo fídíò àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń tú ìbọn palẹ̀ lórí tábìlì nílé, tí wọ́n ń pààrọ̀ èyí, tí wọ́n ń pààrọ̀ tọ̀hún.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi tí a mọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọdẹ tó gbé ṣakabùlà wọgbó ní apá Ìdó máa kọ́kọ́ rọ ẹ̀tù sẹ́nu ìbọn, á ki ọta lé e, á fi ọ̀pá gún un mọ́lẹ̀. Bó bá yìn ín tán, àfi kó tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ẹran tó bá sì sá lọ ti lọ nìyẹn. Ti ìbọn tí wọ́n ń pè ní pump-action sàn díẹ̀: ọta mélòó kan ti wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tó dì í mú ló máa fa abẹ́ ìbọn sẹ́yìn kí kòròfo ọta lè fò jáde, òun náà ló máa tì í síwájú kí òmíràn lè wọlé. Ní ti semi-automatic, agbára ìyìnbọn fúnra rẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́ yẹn. Ẹni náà fa tìrígà, irin tí ìka ń fà láti yìnbọn, lẹ́ẹ̀kan, ọta kan jáde, ìbọn sì ti ki òmíràn sípò. Àmọ́ ọta kejì kò ní jáde àfi tí ìka bá jọ̀wọ́ tìrígà, tó sì tún un fà.

Báwo ló ṣe ń ṣe é? Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú àáyá kan tí wọ́n gé sí wẹ́wẹ́ lọ. Tìrígà tú abẹ́rẹ́ irin kan sílẹ̀, abẹ́rẹ́ yìí lu ìdí ọta, iná ṣẹ́ sí ẹ̀tù inú rẹ̀. Ní ọta 9mm, tó wọ́pọ̀ jù lọ fún ìbọn ìléwọ́, agbára èéfín gbígbóná inú ibẹ̀ lè lé ní ìlọ́po 1,000 agbára afẹ́fẹ́ inú táyà mọ́tò. Agbára yìí ta ọta síwájú, ó sì ta irin òkè ìbọn, tí wọ́n ń pè ní slide, sẹ́yìn. Slide àti ọ̀pá ìbọn á kọ́kọ́ so mọ́ra wọn rìn sẹ́yìn díẹ̀, kí ọta lè ti jáde lẹ́nu ìbọn, kí agbára náà sì ti rọlẹ̀ kí ìdí ọ̀pá tó ṣí. Lẹ́yìn náà ni ọ̀pá á tẹ̀ wálẹ̀, tí slide á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ìkọ́ kékeré kan tó wà lára rẹ̀ á fa kòròfo yọ, kòròfo á ta sẹ́gbẹ̀ẹ́, sìpíríǹgì tó ti fún pọ̀ á wá ti slide padà síwájú, slide á sì gbá ọta tuntun láti inú màgasíìnì, àpò irin tí ọta ń wà nínú ìbọn, wọ ìdí ọ̀pá.

Ọmọ Amẹ́ríkà kan, John Browning, ló fi ọ̀nà yìí lélẹ̀. Ìbọn rẹ̀ tí iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà gbà wọlé ní 1911 ni wọ́n ṣì ń ṣe títí dòní, ọdún náà ni wọ́n sì fi ń pè é. Ní 1982, àwọn ológun Austria gba ìbọn Gaston Glock, tí ìsàlẹ̀ ara rẹ̀ jẹ́ ike líle, tí màgasíìnì rẹ̀ sì ń gba ọta 17. Bí ọ̀pá ṣe ń tẹ̀ wálẹ̀ nínú ti Glock, Browning ló ti là á sílẹ̀.

Ìbọn tó wà bó ṣe ti ilé iṣẹ́ jáde ni wọ́n ń pè ní stock. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ọ́ di tirẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ láti ara ìta: ohun tí wọ́n fi ń fojú sun, kí ó máa tàn lókùnkùn, tàbí ìdìmú tó bá ọwọ́ rẹ̀ mu. Èyí kò dé inú ẹ̀rọ, ewu rẹ̀ kò sì tó nǹkan.

Inú ni ọ̀rọ̀ wà. Gbogbo ohun tí mo sọ lókè yìí ni wọ́n ti wọ̀n mọ́ra wọn: bí slide ṣe wúwo tó, bí sìpíríǹgì ṣe le tó, bí ọta ṣe lágbára tó. Ẹni tó bá fi sìpíríǹgì tó rọ̀ jù sí i, slide á máa ya sẹ́yìn pẹ̀lú ipá jù, á máa gbá ara ìbọn títí ara ìbọn á fi sán. Bó bá sì le jù, slide kò ní rìn dópin, kòròfo á há sẹ́nu ọ̀nà, ìbọn á dákẹ́. Ẹni tó yí ẹyọ kan padà ti fọwọ́ kan gbogbo rẹ̀, ìyẹn ni fídíò kì í dúró sọ.

Tìrígà ni wọ́n máa ń fẹ́ yí jù. Ti Glock bó ṣe ti ilé iṣẹ́ jáde ń fẹ́ ipá bíi kílò 2.5 kí ó tó já. Àwọn tó ń fi ìbọn díje fẹ́ kó fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé ọwọ́ kì í yẹ̀ nígbà tí ìka kò bá ń jìjàkadì. Mo gbà pé òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìbọn ìdíje kì í gbé inú àpò, kì í sì í ṣe òru ni wọ́n ń ta jí pẹ̀lú ìpayà gbé e. Líle yẹn wà nítorí ìka tó gbọ̀n, nítorí aṣọ tó kọ́ tìrígà. Ìdènà mìíràn sì wà nínú tó ń di abẹ́rẹ́ mú kí ó má baà yìn bí ìbọn bá já bọ́ sílẹ̀. Tí ẹni tó fẹ́ mú tìrígà fúyẹ́ bá ti fi ayùn fáìlì ha ojú irin níbẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ìdènà yẹn lè má dúró mọ́. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, tí òfin ti gba ọ̀pọ̀ àtúnṣe láyè, ẹni tó bá sọ semi-automatic di arọ̀jò-ọta láìgbàṣẹ lè fẹ̀wọ̀n ọdún 10 jura.

Níbí ńkọ́? Òfin ìbọn Nàìjíríà, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1959, pín ìbọn sí ìsọ̀rí mẹ́ta. Ṣakabùlà wà nínú ọ̀kan, ìbọn ọdẹ oníkátíríìjì wà nínú èkejì, àmọ́ òfin yọ èyí tó bá jẹ́ semi-automatic kúrò níbẹ̀. Ìbọn ìléwọ́, oríṣi yòówù kó jẹ́, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ǹbù àti arọ̀jò-ọta ní ìsọ̀rí èèwọ̀, Ààrẹ nìkan ló lè fún èèyàn láṣẹ rẹ̀. Ẹ̀wọ̀n tó kéré jù lọ fún ẹni tó ní in láìgbàṣẹ ni ọdún 10. Òfin kan náà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe ìbọn tàbí kó tún un ṣe nílé. Àwọn alágbẹ̀dẹ wa tó lè tún ṣakabùlà ṣe pàápàá, ìwé àṣẹ ni wọ́n gbọ́dọ̀ gbà. Nítorí náà, kò sí ẹni tó lè sọ ní Ìbàdàn pé òun ń pààrọ̀ sìpíríǹgì ìbọn ìléwọ́ nínú yàrá òun, kí ó má tíì rú òfin kí ó tó gbé irinṣẹ́ rárá.

Ohun kan ṣì kù tó yẹ kí olúkúlùkù mọ̀, torí pé ọmọdé lè rí irú ìbọn yìí he nínú igbó tàbí lẹ́yìn ilé tí àwọn olè gbà kọjá. Tí wọ́n bá yọ màgasíìnì rẹ̀, ìbọn kò tíì ṣófo. Slide ti gbá ọta kan wọ ìdí ọ̀pá ṣáájú, ibẹ̀ ló sì wà títí tí ẹnì kan á fi fà á padà sẹ́yìn yọ ọ́. Ọta kan ṣoṣo yìí ló ń pa àwọn tó gbà pé ìbọn tí wọ́n fi ń ṣeré kò ní nǹkan nínú. Ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ lé àwọn ọmọ jìnnà sí i, kí ẹ pe ọlọ́pàá lórí 112.